Ìhà Kejì Ìlú Òṣùpá Méjì

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹta

Mo bẹ̀rẹ̀. Tábìlì oúnjẹ ti di ilẹ̀ ayé mìíràn láti àárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ibo la ó ti máa jẹun, mo ní kó gbé àwo rẹ̀ lé itan. Ọmọ mi ni Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń gún àwọn ènìyàn lọ. Ó wo àpò bíríkì mẹ́rin tí mo tú sílẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ọdún mélòó lẹ pé lóṣù tó kọjá?" Mo ní mọ́kànléláàádọ́ta. Ó ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ kí èmi fúnra mi fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni.

Bíríkì oníṣeré ni, ti rọ́bà, irú èyí tó ní kókó lórí tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́lé. Ìlú Òṣùpá Méjì ni mo fẹ́ fi kọ́. Ìlú tí èmi àti Gómìnà dá sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí òun wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, lórí tábìlì ilé wa, pẹ̀lú páálí ìṣáná, agolo mílíìkì àti kẹ̀kẹ́ òwú tí Màmá ti lò tán. Ayé kan tó jìnnà réré sí tiwa — òṣùpá méjì lójú ọ̀run rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ń gúnlẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ń gbéra, ẹ̀rọ tó ń rìn bí ènìyàn ń gbá ìgboro. Òun ni Gómìnà ìlú. Èmi ni Akọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni. Màmá fi dandan lé e pé kí n máa pè é ní "ẹ", bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń pè é. Ṣùgbọ́n Màmá ti lọ, wọn kò ní ka ìwé yìí, nítorí náà "ó" ni mo máa kọ.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ bíríkì kan lọ́nà ilé ìwẹ̀. Ìràwọ̀ ni àwọn ẹlòmíràn máa ń rí. Òṣùpá méjì lèmi rí.


Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Kí n kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí n má baà sọ fún ara mi lẹ́yìn ọ̀la pé eré lásán ni.

Lóṣù kìíní, Nọ́ọ̀sì nà sórí àga, ó ń wo fóònù, ó ní kí n wá wo ọkùnrin kan tó ń bá bíríkì jà. Ojú ìwé ẹgbẹ́ kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbàlagbà, ènìyàn gidi tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi bíríkì oníṣeré kọ́ ọkọ̀ àti ilé àti afárá, tí wọ́n sì ń gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹnì kan ti kọ́ afárá gígùn kan. Lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan kọ ọ́ pé: "Afárá tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni." Orúkọ tó fi kọ ọ́ ni Gómìnà Tẹ́lẹ̀.

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo fi rúlà ṣe afárá, tí ó sì fi ìka kan ṣoṣo wó o. Kò sí ojú nínú fọ́tò rẹ̀, ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó dúró lórí ọkọ̀ ojú omi ni. Mo mọ ẹ̀yìn yẹn. Èjìká òsì rẹ̀ máa ń relẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, ọdún kejìlélógún rèé tó ti bá iṣẹ́ yẹn lọ.

Kí n tó lanu, Nọ́ọ̀sì ti kọ̀wé sí i. Ó kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, láìtẹ bíréèkì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Gómìnà ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, kò lè fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n lé jáde nílé, wọn kì í fi èébú pè é wọlé.

Ìdí tí mo fi wọ ẹgbẹ́ oníbíríkì nìyẹn. Àfihàn wọn máa wáyé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, fọ́tò gbogbo iṣẹ́ yóò sì jáde lójú ìwé wọn. Mi ò ní kọ lẹ́tà. Mi ò ní kọ orúkọ. Ìlú wa ni màá gbé síbẹ̀. Bí ó bá rí i, á mọ̀ ọ́n. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, á pè. Nọ́mbà mi ṣì ni ti àtijọ́, nítorí rẹ̀ ni mi ò ṣe pààrọ̀ rẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó yàn mí lódì.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ ẹgbẹ́. Bàbá Lífítì ni olórí wa, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tún lífítì ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òkè kẹta ni gbọ̀ngàn náà wà, lífítì sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń gùn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Lẹ́yìn ìpàdé wọ́n bá mi délé wá wo iṣẹ́. Wọ́n gbé àpò mẹ́ta bíríkì aláwọ̀ eérú dání, wọ́n ní àwọn yá mi ni, màá dá a padà. Òfin wọn kò pọ̀. Abala abala ni kí n máa kọ́ ọ, kí abala kọ̀ọ̀kan má tóbi ju atẹ́ lọ, kí n kọ nọ́mbà sí abẹ́ rẹ̀ kó lè ṣeé gbé kó sì ṣeé tò padà. Kò sì gbọdọ̀ sí gọ́ọ̀mù. "Ẹni bá fi gọ́ọ̀mù lẹ bíríkì, kò yàtọ̀ sí ẹni tó kan ọmọ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú."

Wọ́n bi mí pé ibo ni iwájú rẹ̀. Mo ní ibi tí mo dúró sí yìí. Wọ́n ní ẹ̀yìn ńkọ́? Mo ní ẹ̀yìn á kọjú sí ògiri, ta ni yóò wò ó. Wọ́n ní ọgbọ́n ni, torí bíríkì kò ní tó. A wá fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní òfìfo.


Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta

Ilé ìṣọ́ márùn-ún ti dúró lápá ọ̀tún! Èyí tó ga jù dé mi lọ́rùn bí mo bá jókòó. Pápákọ̀ òfurufú wà lápá òsì, ọkọ̀ mẹ́ta ti gúnlẹ̀, ọ̀kan ń jó — bíríkì pupa àti ti ọsàn ni mo fi ṣe iná rẹ̀, torí ọ̀kan máa ń jó nígbà gbogbo, Gómìnà fẹ́ràn wàhálà. Ilé Akọ̀wé wà níwájú níbí, lẹ́bàá ẹnubodè. Ilé Gómìnà wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ilé ìṣọ́. Òrùlé rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí láti ibi tí mo wà. Ó máa ń dùn mí nígbà yẹn pé ó lọ kọ́ ilé rẹ̀ jìnnà sí tèmi tó bẹ́ẹ̀.

Òfin ìlú: Akọ̀wé kì í yí tábìlì po. Ohun tó bá wà lọ́hùn-ún, Gómìnà á sọ, Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ràn. Àní, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò gbọ́ràn nípa ìwẹ̀, tí kò gbọ́ràn nípa oorun, kò yọjú wo ìhà kejì tábìlì lọ́dún mẹ́ta tí ìlú yẹn fi wà.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ó yẹ kí n kọ ọ́ báyìí, láìfi epo kùn ún.


Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹta

Dígí awò ojú mọ́kàndínlógún ni mo gé tí mo sì lọ̀ níbi iṣẹ́ lónìí. Ojú ta mí. Ẹni tó ń ṣe awò fún gbogbo ìlú, tirẹ̀ kò bá ojú rẹ̀ mu mọ́, kò ráyè pààrọ̀ rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kọ èyí. Màá kọ ọ́.

Oṣù mẹ́rin ni Màmá fi ṣàìsàn. Gómìnà ń pè, ó ń ní òun ń bọ̀. Ó tún pè, òun ń bọ̀. Màmá ní kí n yí ibùsùn àwọn kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo yí i. Kò dé. Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà nílé, eruku ibi ìsìnkú wà lẹ́sẹ̀ mi, fóònù dún. Ariwo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé —" Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní: "Má pè mí mọ́ láé. Ìyá tí o kò wá wò, mo ti bá ọ sin ín."

Mo pè é ní "o". Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Gómìnà kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò gbọ́ ti Bàbá, kò gbọ́ ti tíṣà, Màmá gan-an máa ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́ràn, èmi ló sì gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bó ṣe gé fóònù nìyẹn, tí kò pè mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí inú mi rọ̀, mo pe nọ́mbà rẹ̀. Wọ́n ní kò sí irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta

Òṣùpá ńlá yọ. Ọjọ́ mẹ́ta! Bíríkì kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní róbótó. Bàbá Lífítì ló kọ́ mi: ṣe inú rẹ̀ ní onígun mẹ́rin bí àpótí, fi bíríkì pẹlẹbẹ bò ó ní ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí kókó wọn máa wo ìta, kí o wá máa tò pẹlẹbẹ kéékèèké lé e ní ìpele, àárín ga, etí relẹ̀. Ó rí róbótó. Láti òkèèrè ó rí róbótó. Nọ́ọ̀sì ní ó jọ ọsàn tí ẹnì kan jókòó lé.

Àmọ́ òun náà ló gun àga lọ so ó kọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó tó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó wá bi mí pé irú ènìyàn wo ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò mọ̀ ọ́n ju fọ́tò lọ. Mo ní alákòóbá ni, ó máa ń dá ẹjọ́ fún èèrà tó bá gun tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó?" Mo ní ó máa ń dárí jì wọ́n. Mo bá gba ilé ìdáná lọ, mo ní omi ń hó.


Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹta

Ẹnubodè wó. Mo tún un kọ́. Ó wó. Mo bú u. Ó dúró.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹta

A gbé e lọ. Abala méjìdínlógún, lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá Lífítì gbé tiwọn gba àtẹ̀gùn, èmi àti Nọ́ọ̀sì gba lífítì, wọ́n ń fi ojú sin wa bí ẹni ń dágbére fún ará ogun. A tò ó padà, a so òṣùpá méjèèjì kọ́. Agogo mẹ́wàá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọlọ́pàá kan dúró níwájú rẹ̀ títí, ó bi mí pé ṣé kò sí ọlọ́pàá ní ìlú náà ni. Mo ní Gómìnà kò gbà. Ó ní ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jóná.

Bàbá Lífítì ní kí n fún un lórúkọ tí wọ́n á kọ sábẹ́ fọ́tò. Mo ní rárá. Bí ó bá rí orúkọ náà, á mọ̀ pé ẹnì kan ń pe òun, ìbínú á sì ṣíwájú, á ti ìlẹ̀kùn bí ó ṣe tì í mọ́ Nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí i. Kí inú rẹ̀ dùn kí ó tó rántí. "Iṣẹ́ Kẹrìnlá" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò jáde lágogo mẹ́rin.

Mo ti gba agbára sí fóònù. Mo tún wò ó bóyá ó gbà á.


Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹta

Kò sí nǹkan kan.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kẹta

Ó ti rí i.

Nọ́ọ̀sì ló pè mí láti ilé ìwòsàn, kò tilẹ̀ kí mi. Ó fi ojú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó. Gómìnà Tẹ́lẹ̀ ti kọ nǹkan sábẹ́ Iṣẹ́ Kẹrìnlá. Mo ní kó kà á. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo ní mo ti jókòó. Mi ò jókòó.

"Iṣẹ́ yín dára púpọ̀, ẹ kú ọpọlọ. Èmi náà mọ ìlú kan tó fara jọ ọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ yín ti wúwo jù lápá ọ̀tún."

Ó tán.

Ó rí i, kò mọ̀ ọ́n. Ó fara jọ ọ́! Bíríkì ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, ojú tó ń ta mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé tí a ò rí ibi jẹun sí — ó fara jọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n kàn kọ "èmi ni" sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Mo pa á rẹ́ nígbà mẹ́rin. Bí ìlú náà gan-an kò bá mú un rántí mi, kí ni màá wá máa sọ fún un?


Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta

"Iṣẹ́ yín." Bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹta

Ìyá kan, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, gbé awò ojú wọn padà wá lónìí. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti gbé e sójú, ilẹ̀ ń gun òkè. Mo gbà á, mo wò ó. Mo ti fi dígí ojú ọ̀tún sí òsì, mo fi ti òsì sí ọ̀tún. Èmi! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́! Àwọn tó bá wà ní ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe irú èyí. Ohun tí mo máa ń kọ́ wọn kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun ni pé ẹni tó jókòó kọjú sí ọ, ọ̀tún rẹ̀ wà ní òsì rẹ, má fi ojú tìrẹ wọn ojú oníbàárà.

Mo ń tú dígí náà, mo ń bẹ ìyá náà, mo ń sọ òfin yẹn fún ara mi lábẹ́ ètè. Ọwọ́ mi dúró.

Gómìnà kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi rí. Láti ọjọ́ tí a ti dá ìlú náà sílẹ̀, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí, tábìlì láàárín. Lójú tirẹ̀ òsì ni ilé ìṣọ́ wà. Ọ̀tún ni pápákọ̀ wà. Ilé rẹ̀ ló wà níwájú, tèmi ló wà lọ́nà jíjìn lẹ́bàá ẹnubodè. Ìlú tí mo gbé lọ sí gbọ̀ngàn, tèmi nìkan ni. Mo fi ibì kan tí kò jókòó sí rí hàn án, mo wá ń bínú pé kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá náà ní ṣé kò sí o, mo ń sunkún sórí awò àwọn. Mo ní kò sí, mà, eruku dígí ni.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹta

Mo lọ bá Bàbá Lífítì nílé wọn kí wọ́n tó jáde. Mo ní mo fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹ̀yìn wo. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ nígbà tí àfihàn bá ń lọ, àwọn ló ṣe òfin náà. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù pẹ̀lú. "Ta ni yóò tiẹ̀ wò ó?"

Mo sọ fún wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ó tó.

Wọ́n fi ọwọ́ pa orí wọn tí kò nírun. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo náà tó òǹwòran. Wọ́n wọ yàrá lọ, àpò bíríkì méjì ni wọ́n gbé jáde, ti ara wọn, èyí tí wọn kì í yá ẹnikẹ́ni. Agogo márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti gbọ̀ngàn. A jọ ti tábìlì náà kúrò lára ògiri.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ kẹta ní ìhà kejì. Mo gbé àga síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mi ò lè jókòó. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan máa wọlé, á ní "Akọ̀wé! Òfin!" Mo dúró kọ́ odi mélòó kan. Ẹsẹ̀ ro mí. Mo jókòó sí àga Gómìnà.

Ohun tó sọ fún mi nìkan ni mo lè kọ́. Mo ń fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kànga mẹ́ta lórí ìlà kan. Ìgboro àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ti darúgbó, tí wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Aago ńlá tó ní wákàtí mẹ́tàlá, kí ọjọ́ lè gùn kí ilé-ìwé tó wọlé. Ibi tí mi ò rántí, mo fi ògiri eérú dí i.

Ilé Gómìnà nìyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá mi gan-an. Kò jìnnà síbì kankan. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé mi tààrà, ilé ìṣọ́ ló wà láàárín wa. Gbogbo ọdún wọ̀nyí mo gbà pé ó sá lọ kọ́lé sẹ́yìn odi.

Mo ronú kan ariwo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Irú ibo ni ènìyàn wà tí ẹ̀rọ ń ké báyẹn, tó sì ń pe àbúrò rẹ̀? Mi ò béèrè. Ọdún mẹ́sàn-án, mo ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan, mi ò béèrè.


Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹrin

Ó parí. Bàbá Lífítì yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún yí i po. Wọ́n ní ìhà yìí dára ju tiwájú lọ. Ó dùn mí díẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹrin

Fọ́tò kejì jáde láàárọ̀. "Iṣẹ́ Kẹrìnlá, láti ìhà kejì." Mo gé dígí méjì lónìí. Ọ̀gá wa ní ṣé ara mi yá. Mo gbé fóònù sínú àpò aṣọ iṣẹ́, lórí àyà, kí n lè mọ̀ ọ́n bó bá gbọ̀n.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ ìkẹyìn. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ni. Ó ní ilẹ̀ náà dára, kò sí omíyalé. Mo tẹ́tí gbọ́ ọ títí tó fi parí, torí ohùn ọkùnrin ni.

Kò kọ nǹkan kan sábẹ́ fọ́tò. Nọ́ọ̀sì wò ó ní wákàtí wákàtí, ó pa irọ́ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun wò ó. Àwa mẹ́ta gbé ìlú sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn ni gbogbo wa gbà.

Mo ti ṣe ohun tí mo mọ̀. Bóyá ẹni tí mo sọ pé kó má pè mí láé ti gbà mí gbọ́ ju bí mo ṣe gba ara mi gbọ́ lọ.


Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹrin

Bàbá Lífítì fẹ́ bíríkì wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ọ̀sán ni mo ti ń tú u lórí tábìlì oúnjẹ. Mo tú òṣùpá kékeré. Mo tú ẹnubodè. Mo ń tú òrùlé ilé ara mi nígbà tí fóònù dún. Nọ́mbà gígùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jọ ti ibì kan tí mo mọ̀. Mo gbé e. Ariwo ẹ̀rọ ni.

Mo gbé bíríkì ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ó ní, "Akọ̀wé. Ẹ̀yìn ilé ìṣọ́ kẹta. O fi ògiri dí i." Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà, ẹjọ́ ló gbé wá, bí ẹni pé àná la pínyà lórí tábìlì. Mo ní ẹ ò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi rí. Mo ní ẹ ò jẹ́ kí n yí tábìlì po. Mo ń bá a jà.

Ó wá ní ìlẹ̀kùn ló wà níbẹ̀. Ìdajì páálí ìṣáná ló fi ṣe é. Ó ní tèmi ni. Ó ní nítorí pé ilé mi wà lẹ́bàá ẹnubodè, èmi ni ogun máa kọ́kọ́ bá, òun sì ṣe ìlẹ̀kùn yẹn kí n lè gba inú ilé ìṣọ́ sá bọ́ sọ́dọ̀ òun. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò wí. Ó ní ìlẹ̀kùn àsálà tí Akọ̀wé bá ti kọ sínú ìwé, ṣé ìlẹ̀kùn àsálà ni ìyẹn? Ó rẹ́rìn-ín. Mo bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì sá jáde láti yàrá, ó wò mí, ó sá padà, mo gbọ́ tí òun náà ń fọn imú.

Ó ní fọ́tò kìíní kò jẹ́ kí òun sùn dáadáa, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ti kejì, ó ní òun rí i nínú ibi ẹ̀rọ, òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi di fóònù mú. Ó ní, "O ní kí n má pè." Mo ní mo mọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà mo bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í lọ́jọ́ tí a sin Màmá. Mo ní lọ́jọ́ yẹn, níbo lẹ wà? Ó sọ fún mi. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, tirẹ̀ ni. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà dé. Ìyẹn nìkan ni màá kọ.

Kò sọ pé òun ń bọ̀. Mi ò sì bi í. Mo mọ ohun tí "mo ń bọ̀" ṣe fún Màmá. Ó ní òun á pè lọ́la, lágogo mẹ́rin, ó sì sọ bí ìlẹ̀kùn náà ṣe ga tó fún mi kó tó gé e.

Mo ti pe Bàbá Lífítì. Wọ́n ní kí n di bíríkì wọn mú, àwọn gbàgbé pé àwọn yá mi. Mo ti dá òrùlé padà sórí ilé mi, mo ti tún ẹnubodè kọ́, mo sì ti ṣe ìlẹ̀kùn náà: bíríkì funfun mẹ́sàn-án, kò ga ju àtàǹpàkò lọ.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, àárò yìí á rọlẹ̀. Irọ́ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.